Ẹ Kú Ìkómọ, Ọ̀gbẹ́ni Nobody

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dárí ji àwọn tí ń ṣe sinimá agbanipa ní Amẹ́ríkà. Mo dárí jì wọ́n nítorí ìbọn tí ọta inú rẹ̀ kì í tán, mo dárí jì wọ́n nítorí kóòtù tí ọta kì í dá lu, mo sì dárí jì wọ́n nítorí ọkùnrin tí yóò já láti orí òrùlé ilé gogoro, tí yóò gbọn eruku aṣọ rẹ̀ dànù, tí yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni tí ó kàn yẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe nínú pálọ̀ mi ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, níṣojú ìyàwó mi àti níṣojú ọmọ ọlọ́mọ, n kò tíì mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárí rẹ̀ jì wọ́n.

Ọmọ ọlọ́mọ tí mo ń wí ni Chidi, ọmọ àwọn aládùúgbò wa, tí ó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, tí ó sì máa ń bá mi tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nígbàkúùgbà tí àwòrán bá kọ̀ tí kò jáde. Ó tún un ṣe tán, ìyàwó mi bu ìrẹsì fún un, a sì jókòó ti apá kẹrin John Wick, sinimá tí wọ́n fi orúkọ agbanipa tí ó jẹ́ olórí eré pè, èyí tí ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2023, tí gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wákàtí mẹ́ta. Eré ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ìrẹsì ń wọlé. Àfi bí a ṣe gbọ́ tí wọ́n dárúkọ ẹnì kan nínú eré náà: Chidi.

Ọmọ yìí gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, “Sà?”

Èmi kọ́ ni mo pè é, ìyàwó mi náà kọ́. Ẹni tí wọ́n dárúkọ ni géńdé kan tí ó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ọlọ́lá ará Faransé tí ó jẹ́ olórí ọ̀tá inú eré náà, tí ó ń bá a pa ẹni tí ó bá fẹ́ pa. Òṣèré tí ó ṣe ipa náà ni Marko Zaror, akọni nínú ìjà tí a ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jà, ọmọ bíbí orílẹ̀-èdè Chile, níbi tí ó jẹ́ pé, bí mo bá mọ nǹkan kan nípa àwòrán ayé, wọn kì í gbé obì fún àlejò. Chidi wo ọkùnrin náà. Ó wò mí. Ó mú ṣíbí rẹ̀ padà. Ohun tí orúkọ yìí ń sọ lédè Ìgbò ni pé Ọlọ́run ń bẹ, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣòro fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti mọ ibi tí Ó wà.

Kí ẹ má baà pè mí ní aláìmoore, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe tóbi. Lónìí, n kò mọ ilé iṣẹ́ tí ń gba ènìyàn síṣẹ́ láìwo ẹ̀yà, àwọ̀ tàbí àléébù ara tó ẹgbẹ́ àwọn agbanipa inú sinimá wọ̀nyí. Báńkì lè wo ojú rẹ kí ó tó yá ọ lówó, onílé lè gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù kí ó sọ pé yàrá ti tán. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹ́ pé ènìyàn ni o fẹ́ pa, wọ́n ti fún ọ ní àga, wọ́n ti wọn kóòtù fún ọ. Ẹ wo apá kẹta eré kan náà, ti ọdún 2019: Halle Berry, obìnrin dúdú, ni ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì àwọn agbanipa ní Casablanca, pẹ̀lú ajá méjì tí wọ́n mọ ibi tí ó yẹ kí a ti bu ọkùnrin jẹ. Ẹni tí wọ́n rán wá ṣe ìdájọ́ nínú apá náà ni Asia Kate Dillon, tí kì í pe ara rẹ̀ ní ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ó sì dábàá fúnra rẹ̀ fún olùdarí eré pé kí ẹni tí òun ń ṣe náà rí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ja ìjà púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa fi tọ́ka sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Èdè tí ìyá mi fi tọ́ mi kò ní ju “ó” kan ṣoṣo lọ fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àpótí ìjókòó, bí ẹni náà bá sì jù wá lọ, “wọ́n” ni. Kò sí ìpàdé kankan tí a ṣe lé e lórí.

Ní ti apá kẹrin, afọ́jú gan-an ríṣẹ́. Mo ní afọ́jú. Ó wọ ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kan ní Osaka, ó ń lẹ aago ẹnu ọ̀nà kéékèèké mọ́ ara ògiri, irú èyí tí ó máa ń dún fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá ti gba iwájú rẹ̀ kọjá. Aago dún lápá ọ̀tún, ó yìnbọn sápá ọ̀tún. Aago dún lẹ́yìn, ó yìnbọn sẹ́yìn. Ojú Donnie Yen, ẹni tí ó ṣe afọ́jú náà, mọ́ kedere o, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Àbúrò bàbá mi kan fọ́jú fún ọgbọ̀n ọdún kí ó tó kú. Ó mọ apẹ̀rẹ̀ hun, ó mọ ìtàn ìlú wa láti orí ọba àkọ́kọ́, kò sì sí ọ́fíìsì kan tí ó fi àga lọ̀ ọ́ rí. Mo wá mọ àṣìṣe rẹ̀ báyìí: kò kọ ìwé ìwáṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn agbanipa.

Ìwé òfin tilẹ̀ wà fún ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ń fúnni ní ẹ̀bùn Oscar gbé ìlànà kan jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, nítorí pé ariwo ti pọ̀ lé wọn lórí láti 2015 àti 2016, nígbà tí ó jẹ́ pé òyìnbó ni gbogbo òṣèré 20 tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Láti orí àjọ̀dún ti 2024, sinimá tí ó bá fẹ́ du ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ gbọ́dọ̀ mú méjì ṣẹ nínú ìlànà mẹ́rin, ọ̀kan lára ọ̀nà tí ó sì lè gbà ṣe é ni pé kí ìdá 30 nínú 100 àwọn òṣèré kéékèèké wá, ó kéré tán, láti ọ̀wọ́ méjì nínú àwọn tí a kì í sábà rí: obìnrin, ẹ̀yà tí kì í ṣe funfun, aláàbọ̀ ara àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò dára. Èmi náà ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí. Eré agbanipa kì í sì í sábà du ẹ̀bùn ńlá yẹn, ṣùgbọ́n ìkàníyàn náà ti di àṣà tí gbogbo wọn ń wọ̀, bí aṣọ ẹbí. Mo ka ìlànà náà láti òkè dé ilẹ̀, mo wo gbogbo igun rẹ̀, n kò rí ibi tí wọ́n ti béèrè pé: kí ni orúkọ rẹ, ọmọ ta sì ni ọ́?

Nítorí pé ènìyàn dúdú wà nínú eré yìí o. Ó wà dáadáa. Òun ni ó ń tọpa John Wick kiri ayé pẹ̀lú ajá rẹ̀ àti ìwé kékeré kan tí ó fi ń ya àwòrán. Shamier Anderson, ọmọ Kánádà tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ láti Jàmáíkà, ni ó ṣe ipa náà, ó sì ṣe é débi tí mo fi pàtẹ́wọ́. Òun àti arákùnrin rẹ̀ ni wọ́n tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2020 láti máa fi iyì fún àwọn ènìyàn dúdú ní Kánádà, nítorí náà kì í ṣe òun ni mo ń bá jà. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ nínú eré ńkọ́? Nobody. Ọ̀gbẹ́ni Nobody. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ̀ ọ́n; ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ ọ, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀, nítorí èdè Yorùbá kò ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ó lè gbé e. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní Kì-í-ṣe-Ẹnikẹ́ni.

Ẹ bá mi ro ọjọ́ kẹjọ ọmọ náà. Wọ́n ti ta àtíbàbà, wọ́n ti pa àgbò, ìyá ọmọ ti wọ àńkárá tuntun. Bàbá àgbà mú oyin, ó ní oyin kì í korò, ayé rẹ kò ní korò. Ó mú omi, ó ní ẹnikẹ́ni kì í bá omi ṣọ̀tá. Ó mú ataare, ó ní inú ataare kì í ṣófo, ilé rẹ kò ní ṣófo. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu kan etí ọmọ, ó ní, “Orúkọ rẹ ni Kì-í-ṣe-Ẹnikẹ́ni.” Gbogbo ilé ṣe àmín. Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í ju owó sínú abọ́ kí àwọn náà lè sọ tiwọn: ìyá ìyàwó ní tòun ni Kò-Sí-Níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá ní tòun ni Ẹ-Má-Wulẹ̀-Béèrè, aláwàdà kan láti ẹ̀yìn ní tòun ni Ìdá-Ọgbọ̀n. Onílù tí wọ́n háyà sún mọ́ iwájú láti ki ọmọ, ohùn há a lọ́fun. Kí ni yóò sọ? Ọmọ Kì-í-ṣe-Ẹnikẹ́ni, ọmọ ibi-kan-ò-sí, ọmọ a-jí-tọpa-òyìnbó-kiri, ọmọ a-lájá-má-lágboolé. Ẹni tí ó fẹ́ ná an lówó ti gbé owó rẹ̀ padà sápò.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti ń nawọ́ sókè. Wọ́n fẹ́ sọ fún mi pé ọgbọ́n ìwé ni, pé agbanipa náà ni ó fi pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé Odysseus, nínú ìtàn àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, pe ara rẹ̀ ní Nobody láti fi tan òmìrán olójú kan jẹ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn yẹn kọjá ibẹ̀ kí ẹ tó wá bá mi. Bí Odysseus ṣe wọ inú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tán, kò lè pa á mọ́ra mọ́: ó kígbe padà sí òmìrán náà pé Odysseus ni òun, ọmọ Laertes, tí ilé rẹ̀ wà ní Ithaca. Orúkọ, bàbá, ìlú. Bí ó ti ṣe yẹn ni ọmọ Yorùbá gidi yóò ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igbe ọ̀hún kó wàhálà bá a jálẹ̀ ìrìnàjò. Ọ̀gbẹ́ni Nobody tiwa ńkọ́? A lo wákàtí mẹ́ta, a pa gbogbo ẹni tí a fẹ́ pa, ó mú ajá rẹ̀. Kò sí igbe, kò sí Laertes, kò sí Ithaca.

Ẹ wá wo olórí eré. Orúkọ tí ó fi ń jẹun ni John Wick. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Jardani Jovonovich. Wọ́n fi yé wa pé Belarus ni ó ti wá, àti pé àwọn ẹ̀yà Roma tí ń jẹ́ Ruska Roma ni ó gbà á tọ́, tí wọ́n sì lè gbà á padà bí ó bá bọ̀ wálé. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní ìnagijẹ fún un, Baba Yaga, tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ara wọn lálẹ́. Ó ní àbísọ, ó ní àlàjẹ́, ó ní agboolé. Kí ló kù? Ó ku ajá rẹ̀. Ọmọ ajá kékeré tí wọ́n pa ní apá kìíní ní 2014, èyí tí gbogbo ìjà náà ti ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Daisy ni orúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ láyé, kò sọ̀rọ̀, kò yìnbọn. Ajá ní orúkọ. Ẹ má bínú, mo fẹ́ tún un sọ kí ìyàwó mi tí ó wà ní ilé ìdáná lè gbọ́: ajá ní orúkọ!

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó bá wọn jà, afọ́jú ọlọ́pọ̀ aago yẹn náà ni. Donnie Yen sọ fún ìwé ìròyìn GQ ní 2023 pé Shang tàbí Chang ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ pe ẹni tí òun ń ṣe, òun sì béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé Shang tàbí Chang náà ni gbogbo ìgbà. Ó tún kọ aṣọ ọlọ́rùn gígan tí wọ́n ń wọ̀ fún gbogbo ará Ṣáínà bí yunifọ́ọ̀mù. Chad Stahelski, olùdarí eré, gbọ́ tirẹ̀, ó yí i padà. Mo fò sókè nígbà tí mo kà á. Mo ní ó dára, ẹnì kan ti bi ìyá ọmọ léèrè. Orúkọ tuntun náà ni Caine. Ẹ gbà mí! Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó fi yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó pa Ébẹ́lì. Nínú gbogbo orúkọ tí ìyá kan lè sọ ọmọ rẹ̀ ní Ṣáínà, láti orí Chang, wọ́n fò lọ bá apànìyàn àkọ́kọ́ inú Bíbélì.

Inú ń bí mi, mo mọ̀, ó sì nídìí. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mo ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ògúngbèmí, orúkọ bàbá mi, gùn jù fún ọ̀gá mi. Ó fi ẹ̀rín bi mí bóyá òun lè gé e kúrú. Mo jẹ́ àlejò, mo ní kò burú. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé káàdì ìdánimọ̀ lé mi lọ́wọ́: àwòrán mi rèé, orúkọ mi nìyí lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, GUN. Ìbọn. Bàbá àgbà mi jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó fi orúkọ yẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ògún tí ó gbè é. Wọ́n yọ ìgbèjà kúrò, wọ́n yọ ẹni tí a gbè kúrò, wọ́n sì sọ ohun tí ó kù di ohun ìjà. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé ìbọn kọ́rùn wọ ọ́fíìsì. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí n kọjá rí láìgbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí olè ká mọ́. Ìwé ìròyìn ilé iṣẹ́ náà gbé fọ́tò mi ní ẹ̀ẹ̀mejì láti fi hàn pé gbogbo ẹ̀yà ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: lábẹ́ èkíní, wọ́n kọ Gun, lábẹ́ èkejì, wọn kò kọ nǹkan kan. Ẹ̀yin náà rí i pé èmi ti jẹ́ agbanipa kí Ọ̀gbẹ́ni Nobody tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń jókòó dáadáa bí mo bá rí Adewale Akinnuoye-Agbaje nínú sinimá. Ẹ pe orúkọ yẹn sókè, ẹ ó gbọ́ adé tí ó ń bọ̀ wálé, ẹ ó gbọ́ akin, ẹ ó gbọ́ oyè. Odidi ìlú ni. Nínú The Bourne Identity ti 2002, tí agbanipa ti gbàgbé ẹni tí òun jẹ́ (òyìnbó sì tún ni, wọ́n fi odidi eré wá orúkọ fún un), aláṣẹ Áfíríkà tí wọ́n lé kúrò nílùú, tí wọ́n rán an láti lọ pa, ni Adewale ṣe. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Nykwana Wombosi. Mo ti gbé orúkọ yìí yí ẹnu mi ká láti ọdún yẹn, n kò tíì rí ìlú tí n ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ẹni tí ó gbé adé, akin àti oyè dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí ó bọ́ gbogbo rẹ̀ síta kí ó wọ Wombosi. Agbanipa kìíní kò lè pa á nítorí ọmọ rẹ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Òmíràn wá parí iṣẹ́.

Ó tó. Mo ti yìn yín tán, ẹ jẹ́ kí n bá yín wí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré wọ̀nyí, ọ̀lẹ ni yín! Sinimá yìí pa ju mílíọ̀nù 400 dọ́là lọ. Ẹ ní owó tí ẹ ń san fún ẹni tí ó ń kọ́ ajá bí a ti ń bu ènìyàn jẹ, fún ẹni tí ó ń kọ́ òṣèré bí a ti ń ki ọta sínú ìbọn. Ẹ kò wá ní owó tẹlifóònù tí ẹ ó fi pe ìyá kan ṣoṣo tí ń ta èlùbọ́ ní Peckham kí ó fún yín ní orúkọ mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú oríkì lórí? Ẹ mọ orúkọ Chidi, torí náà ẹ mọ̀ pé orúkọ wà! Ẹ rí i níbì kan, ó dùn lẹ́nu yín, ẹ sì gbé e fún ará Chile kí ó fi ṣe ọmọọ̀dọ̀ òkú-rorò, nígbà tí ọmọ dúdú tí ẹ gbé sínú àwòrán ìpolówó dúró níwájú yín láìní nǹkan kan lọ́rùn. Ẹ tún wo Charon, tí Lance Reddick ṣe láti 2014, ọkùnrin dúdú olóhùn jẹ́jẹ́ tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn ní orúkọ, orúkọ ẹni tí ń wa òkú kọjá odò nínú ìtàn àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni. Ní apá kẹrin, ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó ṣẹ̀, ọlọ́lá Faransé bínú sí ọ̀gá, ó sì yìnbọn fún Charon. Ẹ ṣe ìdá 30 yín pé, ẹ wá yọ ọ̀kan níbẹ̀ fún ẹbọ. Reddick fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 2023, ọ̀sẹ̀ kan kí eré náà tó jáde. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Olè àti apànìyàn kì í ṣe aláìlórúkọ lọ́dọ̀ wa rí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèré máa ń gbé ọkọ̀ wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ìlú, ìgárá tí yóò kú kí a tó jẹ ẹ̀pà wa tán ní ìyá tí yóò sunkún rẹ̀, ní ìyàwó tí yóò sẹ́ ẹ, ní bàbá ìsàlẹ̀ tí yóò kì í títí ìwọ náà yóò fi máa ṣàánú rẹ̀. Kódà níta ìtàgé, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Oyènúsì adigunjalè ní Bar Beach ní 1971, kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé Ìṣọ̀lá ni, ó sì ti fi Dókítà kún un fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ó wo ẹnikẹ́ni sàn. N kò fẹ́ kí a tún irú rẹ̀ bí, ṣùgbọ́n ẹ kò lè pè é ní Nobody.

Ti ilé náà kò sàn tó bí ó ti yẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn John Wick yìí, ní oṣù kẹrin 2023, sinimá ilé wa kan, Gangs of Lagos, jáde, àwọn apànìyàn inú rẹ̀ gbé aṣọ funfun Ẹ̀yọ̀ wọ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó figbe ta, àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Òyìnbó gbé orúkọ ọmọ wa fún apànìyàn wọn; àwa gbé aṣọ bàbá wa fún tiwa. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìyàwó mi jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì tún ń gbọ́ mi láti ilé ìdáná.

Ní alẹ́ Sátidé yẹn, ajá Ọ̀gbẹ́ni Nobody bu Chidi ti Chile jẹ, olówó rẹ̀ sì pa á. Chidi tiwa kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó kàn béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo rò pé wọ́n mọ̀ ọ́n pè dáadáa. Nígbà tí eré parí, tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ́wọ̀ọ̀wọ́, mo nawọ́ mú rìmóòtù láti pa á. Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ.” Ó ti tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ń wò ó bóyá òun a rí Chidi mìíràn láàárín àwọn tí ó fa okùn iná, tí ó ran kóòtù, tí ó se oúnjẹ fún àwọn òṣèré, Chidi kan tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wọ awò ojú mi, mo sún àga tèmi mọ́ tirẹ̀, a sì ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. A kò tíì kúrò níbi àwọn awakọ̀ tí wọ́n fi mú iná lọ.